Eré Géèmù: Ta Ni Ó Ni Ohun Tí A Fi Owó Wa Rà?

Àwa kì í ṣe àjèjì sí eré géèmù. A kò ní purọ́ fún ẹ̀yin ònkàwé wa: nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, tí ìwé ìròhìn ọ̀la bá ti wọ ilé ìtẹ̀wé, àwa náà a máa di páàdì mú, a ó sì máa gbá bọ́ọ̀lù lójú tẹlifíṣọ̀n títí oorun yóò fi kùn wá. Nítorí náà, bí a bá dá sí ọ̀rọ̀ yìí lónìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àgbà tí kò mọ ohun tí ọmọdé ń ṣe ni ó ń sọ̀rọ̀ láti òkèèrè. Ọ̀rọ̀ náà ká wa lára. Ó sì yẹ kí ó ká ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú lára pẹ̀lú, nítorí pé owó ni ó wà nínú rẹ̀, owó àwọn ọmọ yín sì ni.

Ìrìn àjò kan ni ó gbé wa dé Ìdànrè ní àìpẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá mọ ìlú náà mọ bí ó ti rí: àwọn òkè àpáta yí ilé ká bí ẹ̀ṣọ́ ti í yí ọba ká, òórùn kòkó tí a sá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà a sì máa pàdé àlejò kí onílé tó kí i káàbọ̀. Ní Odòde ni a ti gbọ́ ariwo “Góòlù!” láti inú ìsọ̀ kékeré kan. A yọjú. Àwọn ọmọkùnrin bíi mẹ́jọ ni ó fún ara wọn mọ́ orí bẹ́ǹṣì méjì, tẹlifíṣọ̀n kan wà níwájú wọn, ẹ̀rọ amúnáwá ń ké ní ẹ̀yìnkùlé. “Ẹ káàsán, sà,” ni gbogbo wọn wí, ṣùgbọ́n ojú wọn kò kúrò lójú tẹlifíṣọ̀n. Onílé géèmù náà, tí àwọn ọmọ ń pè ní Bọ̀dá, fún wa ní àpótí jókòó. Òfin ibẹ̀ kò ṣòro: a ń sanwó fún ìdíje kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó bá pàdánù dìde, ẹni tí ó bá borí jókòó de ẹlòmíràn. Àwa dìde lẹ́yìn ìdíje kan ṣoṣo. Ọmọ tí ó lé wa dìde kò lè ju ọmọ ọdún méjìlá lọ.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣeré náà ni ó yà wá lẹ́nu jù. PlayStation 2 ni. Oṣù kẹta ọdún 2000 ni ilé-iṣẹ́ Sony kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Japan, wọ́n sì ti ṣíwọ́ ṣíṣe é láti ọdún 2013, lẹ́yìn tí iye tí wọ́n tà káàkiri ayé ti ju 150 mílíọ̀nù lọ. Àwọn tí ó ṣe é ti gbàgbé rẹ̀. Àwọn ọmọ Ìdànrè kò gbàgbé rẹ̀. Bí ojú tí ó fi ń ka dísìkì bá ṣú, oníṣẹ́ ẹ̀rọ a tú u, a nù ún, a tún un dè. Eré bọ́ọ̀lù tí ilé-iṣẹ́ Konami ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ wá, àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ kọ̀ǹpútà a máa fi orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù òní rọ́pò ti àná nínú rẹ̀, tí Osimhen àti Lookman fi ń sáré lórí ẹ̀rọ tí ó jáde nígbà tí àwọn fúnra wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́. A mọ̀ pé òfin kò fọwọ́ sí gbogbo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni máa ṣe àdàkọ ohun olóhun. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni pé ohun tí ó wà lọ́wọ́ ẹni ni ó ṣeé tún ṣe.

Kí ni ìdí rẹ̀ tí Bọ̀dá kò fi ra èyí tí ó jẹ́ tuntun? Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Nintendo gbé ẹ̀rọ Switch 2 jáde ní iye owó 449.99 dọ́là ní Amẹ́ríkà, eré ìfọkọ̀sáré tí ó bá a jáde, Mario Kart World, sì jẹ́ 79.99 dọ́là. Ní oṣù náà dọ́là kan ju 1,500 náírà lọ. Eré kan ṣoṣo, láìka ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ ọn, ti di 120,000 náírà ó kéré tán. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin Nàìjíríà fi ọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Owó oṣù kan àti ààbọ̀ kò tó láti ra eré ọmọdé kan. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ yóò gba ju owó oṣù mẹ́sàn-án lọ. Àwọn kan yóò sọ pé kòkó gbówó lórí. Lóòótọ́ ni, ní ọdún 2024 tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà àgbáyé, ṣùgbọ́n kí ọdún 2025 tó parí iye náà ti já wálẹ̀ púpọ̀, kò sì sí àgbẹ̀ olóye tí yóò fi owó kòkó ọdún kan ra ohun tí a fi ń ṣeré.

Èyí ni ó fi jẹ́ pé ilé géèmù ni ilé-ìkàwé àwọn tálákà nínú eré yìí. Ẹnì kan ra dísìkì kan, àdúgbò kan sì jẹ nínú rẹ̀. Ibi tí ìbẹ̀rù wa wà gan-an nìyí: àwọn oníṣẹ́ géèmù ńláńlá ti ń kọ ẹ̀yìn sí dísìkì. Láti ọdún 2020 ni Sony àti Microsoft ti ń ta ẹ̀rọ tí kò ní ojú dísìkì rárá. Nintendo ní tirẹ̀ ṣe káàdì kan fún Switch 2 tí kò sí eré nínú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ lásán ni, ẹni tí ó rà á yóò tún lọ fa eré náà wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn eré mìíràn ju 100 gígábáìtì lọ. Ẹni tí ó bá ń ra dátà ní ilẹ̀ yìí, níbi tí àjọ NCC ti gba àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù láàyè ní oṣù kìíní ọdún 2025 láti fi ìdá 50 nínú 100 kún owó wọn, kò nílò kí a ṣàlàyé ìyẹn fún un.

Kí a tiẹ̀ ní owó náà wà, dátà náà sì wà. Ǹjẹ́ ohun tí a rà di tiwa bí? Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ti rí. Ní ọdún 2014 ilé-iṣẹ́ Ubisoft ti ilẹ̀ Faransé ta eré ìfọkọ̀sáré kan tí ń jẹ́ The Crew. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2024 wọ́n pa ẹ̀rọ ńlá tí ó ń gbé eré náà ró ní ọ̀dọ̀ wọn. Láti ọjọ́ náà, dísìkì tí ènìyàn fi owó rà, tí ó sì wà nínú àpótí rẹ̀ láìní àbùkù, di ohun tí a lè fi bo ẹnu ife. Ti Overwatch rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú: wọ́n tà á ní ọdún 2016, wọ́n tì í pa ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 kí Overwatch 2 lè gba ipò rẹ̀. Ẹni tí ó fi owó ra ti àkọ́kọ́ kò lè rí i gbá mọ́, bí ó ti wù kí ó fẹ́ràn rẹ̀ tó.

Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́: aṣọ àyálò kì í yẹ ọmọ ènìyàn, bí kò bá fún un lápá, a ṣo ó lẹ́sẹ̀, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni í mu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yá aṣọ mọ̀ pé òun yá a. Àwọn oníṣòwò wọ̀nyí a máa kọ “ra” sí ara ohun tí wọ́n ń yá wa. Àwa fúnra wa ti jìyà rẹ̀. A sanwó fún eré kan lórí ẹ̀rọ wa; ilé-iṣẹ́ tí ó tà á fún wa ni a kò ní dárúkọ. Lọ́jọ́ kan tí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí, eré náà kọ̀, kò ṣí, ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ wádìí bóyá àwa ni olówó rẹ̀. A jókòó sínú òkùnkùn ilé wa, a ń bá ohun tí a fi owó wa rà ṣe àríyànjiyàn.

Nígbà tí a wà ní Ìdànrè, a gun Òkè Ìdànrè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún wa kò dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600. Lókè níbẹ̀ ni ìlú àtijọ́ wà, tí àwọn ará Ìdànrè gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá ṣì wà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ wà níbẹ̀, ilé-ìwé àkọ́kọ́ wà níbẹ̀. Láti ọdún 2007 ni Nàìjíríà ti fi òkè náà sí ara àwọn ibi tí ó fẹ́ kí UNESCO kà sí ogún gbogbo ayé. Àwọn ènìyàn ṣí kúrò, ṣùgbọ́n ibùgbé wọn kò parẹ́. Ọmọ tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí bàbá ńlá rẹ̀ ti wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò gbé e dé ibẹ̀. Nínú The Crew, odidi ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n yà sínú eré náà, pẹ̀lú òpópónà àti ìlú ńláńlá rẹ̀, tí àwọn ènìyàn fi ọdún mẹ́sàn-án wakọ̀ kiri nínú rẹ̀. Kò sí àtẹ̀gùn kan ní ayé yìí tí ó lè gbé wọn padà síbẹ̀.

Àwọn ará Yúróòpù kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 2024 ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Ross Scott, bẹ̀rẹ̀ ìpolongo tí ó pè ní Stop Killing Games, ìyẹn ni pé kí wọ́n ṣíwọ́ pípa eré tí a ti san owó rẹ̀. Nígbà tí ó fi di oṣù keje ọdún 2025, ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n kọ sí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ní ju mílíọ̀nù kan ìbuwọ́lùwé lọ. Ní Kalifóníà, gómìnà fọwọ́ sí òfin kan ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 pé oníṣòwò kò gbọdọ̀ sọ pé òun ń ta ohun orí ẹ̀rọ bí ó bá jẹ́ pé àyè láti lò ó nìkan ni ó ń fún oníbàárà, àfi bí ó bá là á yé e. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2025. Kékeré ni, ṣùgbọ́n ó sàn ju asán lọ.

Àwọn tí wọn kò tiẹ̀ díbọ́n pé àwọn ń tà ńkọ́? Wọn a máa gba owó oṣooṣù, kí ènìyàn lè ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ eré. A kò kórìíra ètò náà. Àwa náà ti lò ó rí, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 Microsoft gbé ipele tí ó ga jù lọ nínú Game Pass láti 19.99 dọ́là lọ sí 29.99 dọ́là lóṣù. Ẹni tí ó bá ti gbé ilé àyágbé rí mọ irú onílé bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Microsoft rán wa létí ohun kan tí ó kan ọmọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Nínú Overwatch tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ìlú kan wà tí ń jẹ́ Numbani, tí wọ́n ní kò jìnnà sí Nàìjíríà. Ọmọbìnrin ọlọ́pọlọ pípé kan wà níbẹ̀, Efi Oladele ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, òun ni ó sì ṣe ẹ̀rọ jagunjagun tí ó sọ ní Orisa. Ọ̀kan nínú àwọn alágbára tí a ń bá jà, Akande Ogundimu ni ń jẹ́. Bákan náà ni eré Smite ti ilé-iṣẹ́ Hi-Rez ní ìpínlẹ̀ Georgia gbé Yemọja àti Ọlọ́run wọlé. Inú wa dùn nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ Oladele lẹ́nu òyìnbó. Ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn? Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2023, Microsoft parí ríra Activision Blizzard, olówó Overwatch, ní 68.7 bílíọ̀nù dọ́là. Oladele àti Ogundimu bá ilé lọ, bí àwo àti ìkòkò ti í bá ilé lọ. Kò sí ẹnì kan ní Ìdànrè, ní Oǹdó tàbí ní Ọ̀yọ́ tí ó gba kọ́bọ̀ níbẹ̀. A kò sọ pé ó yẹ kí wọ́n gbà á, nítorí a kò ta orúkọ náà. A kàn ń sọ ẹni tí ó jèrè ni. Kò sì tó oṣù mẹ́rin tí ìdúnàádúrà náà parí tí Microsoft dá 1,900 òṣìṣẹ́ eré géèmù dúró lẹ́nu iṣẹ́. Kí ẹ̀yin olùkọ́ tí ń gba àwọn ọmọ níyànjú láti kọ́ iṣẹ́ yìí má ṣe fi apá ibẹ̀ pamọ́ fún wọn.

Ti tẹ́tẹ́ ni ó burú jù, a ó sì sọ ọ́ láìfi bọ̀. Nínú eré bọ́ọ̀lù EA Sports FC, tí a ń pè ní FIFA títí di ọdún 2023, àwọn kan wà tí ó ń fi owó gidi ra àpò káàdì agbábọ́ọ̀lù láìmọ ẹni tí yóò wà nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ Mbappé, ó lè jẹ́ ẹni tí ìyá rẹ̀ nìkan mọ̀. Kí ni a ń pe ohun tí a fi owó sí, tí a kò mọ ohun tí yóò jáde? Àjọ tí ń ṣe àkóso tẹ́tẹ́ ní ilẹ̀ Belgium pè é ní tẹ́tẹ́ ní ọdún 2018, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019 EA sì ṣíwọ́ títa owó eré náà níbẹ̀. Ní ilẹ̀ tiwa, níbi tí ilé tẹ́tẹ́ ti pọ̀ ju ilé-ìkàwé lọ, òbí tí ó lé ọmọ rẹ̀ kúrò nídìí tẹ́tẹ́ ní òwúrọ̀ lè fún un ní fóònù ní ìrọ̀lẹ́ kí ó lọ fi ta òmíràn.

Nítorí èyí, àwọn kan ń sọ pé kí a ti gbogbo ilé géèmù pa. A kò fara mọ́ ọn. Pé kí wọ́n wà ní títì ní àkókò ilé-ìwé, a fọwọ́ sí i pátápátá, Bọ̀dá náà sì sọ fún wa pé òun kì í gba aṣọ ilé-ìwé wọlé. Ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún kò gbọdọ̀ ṣe eré orí íntánẹ́ẹ̀tì ju wákàtí kan lọ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Àbámẹ́ta àti Àìkú, pẹ̀lú ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Ìyẹn le jù fún ọkàn wa. Eré kì í ṣe ọ̀tá ọpọlọ. Ẹ wo ayò tiwa, ojú méjìlá, ọmọ méjìdínláàádọ́ta, tí òpe ń fi pariwo tí ọ̀ta sì ń fi ronú. Ní ọdún 2002 àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, fi kọ̀ǹpútà tú ẹ̀yà ayò kan tí wọ́n ń pè ní awari palẹ̀: ipò tí ọmọ ayò lè wà nínú rẹ̀ jẹ́ 889,063,398,406. Wọ́n rí i pé bí ọ̀ta méjì tí kì í ṣìṣe bá pàdé, ọ̀mì ni wọn yóò ta. Ẹni tí ó bá pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ìranù kò tíì jókòó ti ọpọ́n rí. Ẹ̀yin olùkọ́, àwa ìbá fẹ́ kí ẹ lọ jókòó sí ilé géèmù àdúgbò yín ní ọjọ́ Sátidé kan, kí ẹ wo ohun tí wọ́n ń fi hàn níbẹ̀, kí ẹ sì wo nọ́ńbà ọjọ́ orí tí ó wà lára páálí eré. Bí 18 bá wà lára rẹ̀, ó ní ìdí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó ní ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú, tiyín kù. Nígbà ìbò, gbogbo olùdíje ní í ṣèlérí kọ̀ǹpútà fún ọ̀dọ́. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí ọ̀dọ́ yóò fi kọ̀ǹpútà náà ṣe. Ní Èkó, ilé-iṣẹ́ Maliyo Games tí Hugo Obi dá sílẹ̀ ní ọdún 2012 ni ó bá Disney ṣe eré Iwájú: Rising Chef tí ó jáde ní ọdún 2024, níbi tí a ti ń se oúnjẹ ilẹ̀ wa. Ní ọdún 2012 kan náà ni Abiola Olaniran dá Gamsole sílẹ̀. Ní Kamẹrúùnù, Kiro’o Games gbé Aurion jáde ní ọdún 2016. Ilẹ̀ Faransé ni Clair Obscur: Expedition 33 ti wá ní ọdún 2025, àwọn bíi ọgbọ̀n ènìyàn sì ni òpómúléró rẹ̀, síbẹ̀ òun ni ó gba ẹ̀bùn eré ọdún náà lọ́wọ́ àwọn tí ó ná owó tí kò lóǹkà. Iṣẹ́ tí ọgbọ̀n ènìyàn lè ṣe kì í ṣe iṣẹ́ tí a ó máa wò bí òṣùpá, bí iná mànàmáná bá wà tí olùkọ́ sì wà.

Ìjọba náà ní agbára ju bí ó ti ń lò ó lọ. Àjọ FCCPC tí ń gbèjà oníbàárà ni ó bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta lórí ní oṣù keje ọdún 2024. Àjọ tí ó lè bá Facebook àti WhatsApp wí lè ní kí ẹni tí ń ta eré ní Nàìjíríà kọ ọ́ gedegbe bóyá ó ń tà ni tàbí ó ń yáni, kí ó sì kéde tẹ́lẹ̀ bí ó bá fẹ́ pa á, kí ó sì fi èyí tí a lè máa ṣe láìsí íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún ẹni tí ó ti sanwó. Ohun tí a ń béèrè kò ju ìyẹn lọ, a ó sì máa béèrè rẹ̀.

Kí a tó kúrò ní ìsọ̀ Bọ̀dá, ọmọ tí ó lé wa dìde bi wá léèrè nípa Grand Theft Auto tuntun. Èyí tí ó jáde kẹ́yìn, ọdún 2013 ni; bóyá ọdún náà gan-an ni wọ́n bí i. A sọ fún un pé àwọn tí ń ṣe é ti kọ́kọ́ dá ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2026, pé ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá ọdún 2026, àti pé kì í tilẹ̀ ṣe eré ọmọdé. Ó ronú díẹ̀. “Ṣé yóò ṣiṣẹ́ lórí PS2, sà?” A ní rárá. Ó mi orí, ó yọ owó ìdíje mìíràn lápò, ó sì tún di páàdì mú.